Mo ka Cognitive Science, Mo Wá Di Ẹni Tó Ń Ka Iye Ìgbà Tí Ọmọ Ju Pẹ́ńsù

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí ni kí n jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí n máa ka iye ìgbà tí ọmọ ọdún méje ju pẹ́ńsù sílẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọlọ́run mi o. Ṣé torí ẹ̀ la ṣe san owó ilé-ìwé ọdún mẹ́rin?" Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè wọn dáa, òun ló jẹ́ kí n kọ eléyìí. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ló ń ka psychology, linguistics tàbí neuroscience, àwọn kan nílé, àwọn kan lókè òkun bíi tèmi. Ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè tí ẹbí máa ń bi èèyàn: "Kí lo máa wá fi ṣe?" Tó bá jẹ́ dókítà tàbí ẹnjiníà ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Amẹ́ríkà ni mo wà, dìgírì kejì ni mo ń ṣe lọ́wọ́, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́jọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀. Behaviour analysis ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtúpalẹ̀ ìṣesí: kéèyàn wá ìdí tí ọmọ fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, kó sì yí ohun tó yí ọmọ náà ká padà kí ìṣesí náà lè yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà ni wọ́n fi bí cognitive science, behaviourism gan-an ló sì bá jà. B. F. Skinner, tó gbé ayé láti 1904 sí 1990, ni ẹni tó fi eku àti ẹyẹlé inú àpótí hàn wá pé ohun tó bá tẹ̀ lé ìṣesí ló ń pinnu bóyá ìṣesí náà á tún wáyé. Ní 1957 ó kọ ìwé kan tó ní èdè pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ́ ọ. Ní 1959 Noam Chomsky gbé ìwé náà yẹ̀ wò, ó sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní September 1956, àwọn onímọ̀ kan ti pàdé ní MIT. Chomsky wà níbẹ̀, George Miller wà níbẹ̀, Newell àti Simon náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà wọn tó lè ronú lórí ìṣirò. Miller fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ ìbí cognitive science nìyẹn. Nítorí náà, ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí mo lò, bí ẹni tó ti ṣubú nínú ìjàkadì làwọn olùkọ́ wa ń dárúkọ Skinner. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ṣe ló dà bí ẹni tó lọ fẹ́yàwó nílé tí bàbá ẹ̀ bá ṣọ̀tá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ kan ní Táyọ̀. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí lára ọmọ mélòó kan ni mo kó pọ̀ sójú kan, kí n má baà tú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbàkígbà tí tíṣà bá ní kí gbogbo wọn ṣí ìwé kíkà, Táyọ̀ á ju pẹ́ńsù, á ti àga, nígbà míì á ya ìwé. Tíṣà á ní, "Bọ́ síta, lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì títí ara ẹ á fi balẹ̀." Táyọ̀ á lọ. Ara ẹ̀ á balẹ̀ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà.

Tí ẹ bá bi tíṣà pé kí ló ń ṣe Táyọ̀, á ní olóríkunkun ni. Tí ẹ bá bi èmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì nígbà yẹn, ǹ bá ní working memory ẹ̀ ló kéré, tàbí kí n ní apá iwájú ọpọlọ ẹ̀ ò tíì gbó. Orúkọ làwa méjèèjì fún nǹkan náà. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó tíì sọ ohun tí a máa ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fún mi ní bébà kan tí wọ́n fa ìlà sí, ọ̀nà mẹ́ta. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Kí lọmọ ṣe? Kí ló tẹ̀ lé e? Ó ní kí n máà kọ "inú bí i", torí mi ò rí inú ẹnikẹ́ni. Kí n kọ ohun tí ojú mi rí. Ó ṣòro fún mi o! Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú ọpọlọ, wọ́n wá ní kó panu mọ́ lórí ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀nà kẹta inú bébà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ: wọ́n mú un kúrò nídìí ìwé kíkà. Pẹ́ńsù tí Táyọ̀ ń jù, kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ni. Ohun tí tíṣà rò pé òun fi ń jẹ ẹ́ níyà, èrè ni lójú ọmọ náà.

Gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lórí ìbéèrè yẹn: kí ni ìṣesí yìí ń rí gbà fún ọmọ? Àwọn kan ń ṣe é kí èèyàn lè wo ojú wọn, kódà kó jẹ́ ìbáwí ni. Àwọn kan ń ṣe é kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí ariwo. Àwọn kan fẹ́ gba ohun kan, bíi ìṣeré tàbí oúnjẹ. Fún àwọn míì, bó ṣe ń rí lára wọn nìkan ti tó, kò kan ẹlòmíràn rárá. Ní 1982, Brian Iwata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ mẹ́sàn-án tó ń ṣe ara wọn léṣe: wọ́n ń gbá orí mọ́lẹ̀, wọ́n ń bu ara wọn jẹ. Wọ́n fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí àpẹẹrẹ kó dá wà, kó máa ṣeré, kí wọ́n fún un níṣẹ́, tàbí kí wọ́n dá a lóhùn kìkì tó bá ti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Fún mẹ́fà nínú wọn, ipò kan ló ń mú ìṣesí náà pọ̀ jù, ipò yẹn ò sì rí bákan náà láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí èkejì. Ìyẹn ni pé ọmọ méjì lè máa ṣe ohun kan náà fún ìdí tó jìnnà síra bí ìlà oòrùn ṣe jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn. Oògùn tó wo ti àkọ́kọ́ lè ba ti èkejì jẹ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kòbókò díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ nílé, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí kì í lè jókòó sójú kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nà án. A máa ń ka pàṣán náà fún un, àwa ọmọ kíláàsì, bí ẹni ń ka eré. Nígbà tí a dé praìmárì mẹ́rin, kò wá sílé-ìwé mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi wá níbi tó wà. Èmi náà ò béèrè. Mo ti ronú kan ọmọ yẹn ju bí mo ṣe ronú kan ọ̀gbẹ́ni Skinner lọ. Ohun tí mo wá mọ̀ báyìí ni pé tí ẹgba bá ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ yẹn ni, kò bá má nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ta wá ni ẹgba ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀? Tíṣà ni. Ariwo wà, tíṣà na ọmọ, ariwo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ara tu tíṣà. Lọ́la, ọwọ́ tíṣà á yára sí ẹgba ju tòní lọ. Kòbókò ń kọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́ lẹ́kọ̀ọ́, a ò kàn mọ̀ ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Táyọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń wá ọ̀nà àbáyọ ni, kí ló dé tí a ò kọ́ ọ bó ṣe máa béèrè fún un? Edward Carr àti Mark Durand ti fi èyí hàn ní 1985: wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa fẹnu béèrè ohun tí ìwà burúkú ń rí gbà fún wọn, ìwà náà sì lọ sílẹ̀. A fún Táyọ̀ ní káàdì kan. Tó bá ti nà án sí tíṣà, ó ní ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Tó bá ju pẹ́ńsù, kò sí ìsinmi.

Tíṣà ní, "Ṣé gbogbo ìgbà ni yóò wá máa sinmi ni?" Kò jẹ̀bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Táyọ̀ ń lo káàdì náà bí ẹni tí wọ́n fún ní omi ọ̀fẹ́. Pẹ́ńsù jíjù náà sì kọ́kọ́ burú sí i. Ẹ máa rí i pé bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin náà ń ṣe: tí ẹ bá tẹ rìmóòtù tí tẹlifíṣọ̀n ò dáhùn, ẹ kì í gbé e sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ máa gbá a mọ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ tó gbà pé bátìrì ti kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà àti òbí ti máa ń juwọ́ sílẹ̀, tí wọ́n bá sì juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọmọ pé kó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. A dúró. Díẹ̀díẹ̀ la wá ń fa àkókò gùn: ìlà méjì kó tó sinmi, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kan.

Ibi tí cognitive science ti wúlò rèé. Behaviour analysis ti sọ fún mi pé Táyọ̀ ń sá fún ìwé kíkà. Kò tíì sọ fún mi ìdí tí ìwé kíkà fi ń lé e. Mo bẹ ọ̀gá mi pé ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ náà lè ya ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò lè ṣe é dáadáa. Wọ́n ń fún un ní ojú ìwé kan láti kà nígbà tí ìró lẹ́tà kò tíì yé e. Ta ni kò ní sá? Tíṣà sì máa ń pa àṣẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan: ẹ kó ìwé yìí wọlé, ẹ mú tọ̀hún jáde, ẹ ṣí ojú ewé báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà báyìí. Miller sọ ní 1956 pé nǹkan bíi méje ni orí wa lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Nelson Cowan fi hàn ní 2001 pé ó sún mọ́ mẹ́rin, fún àgbàlagbà o. Ọmọ ọdún méje ńkọ́? A ní kí tíṣà máa sọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó kankan ò jáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tó yí mi lórí padà nípa ìwádìí fúnra rẹ̀. Ní yunifásítì, a máa kó akẹ́kọ̀ọ́ ogójì jọ, a máa pín wọn sí méjì, a máa wá ìpíndọ́gba. Níbí, ọmọ kan ṣoṣo ni, ara rẹ̀ náà la sì fi ń wé ara rẹ̀. A máa wọn ìṣesí rẹ̀ láìṣe nǹkan kan, a máa bẹ̀rẹ̀ ètò, a lè dá ètò náà dúró fúngbà díẹ̀, ká wò ó bóyá nǹkan á padà sí ti tẹ́lẹ̀, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ìpíndọ́gba ogójì èèyàn kò sọ nǹkan kan fún ìyá Táyọ̀. Gíráàfù ọmọ tiẹ̀ ló fẹ́ rí.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọ inú ẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, BACB, ló ń fúnni níwèé-ẹ̀rí tó wọ́pọ̀ jù. Ìpele ìsàlẹ̀ ni RBT: kéèyàn ti pé ọdún 18, kó ti jáde ìwé mẹ́wàá, kó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 40, kí wọ́n dán an wò lẹ́nu iṣẹ́, kó sì ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì máa ní kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ná owó sórí dìgírì kejì. Ẹ máa mọ̀ láàárín oṣù díẹ̀ bóyá ara yín gbà á. Kí wọ́n bu èèyàn jẹ, kí wọ́n tu itọ́ síni lára, kéèyàn sì ṣì máa kọ nǹkan sínú bébà, gbogbo èèyàn kọ́ ló lè ṣe é, kò sì sí ìtìjú ńbẹ̀. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó RBT, owó náà ò pọ̀, nígbà ọlidé ilé-ìwé ẹ lè má rí nǹkan kan gbà.

Ìpele tó kàn ni BCBA, òun ni mo ń lé. Ó nílò dìgírì kejì, àwọn kọ́ọ̀sì tí àjọ náà béèrè fún, àti iṣẹ́ tí ẹni tó ti ní ìwé-ẹ̀rí ń bójú tó: wákàtí 2,000, tàbí 1,500 tí àbójútó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní ọdún márùn-ún láti fi parí ẹ̀. Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí, ètò ṣíṣe, gíráàfù àti kíkọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ò lè fi ìjókòó ti ọmọ nìkan pé e. Lẹ́yìn náà ìdánwò wákàtí mẹ́rin, ìbéèrè 185. Dìgírì àkọ́kọ́ cognitive science kò ṣèdíwọ́ kankan. Ẹ wá ọ̀gá àbójútó tó dáa kẹ́ ẹ tó wá ilé-ìwé olórúkọ ńlá o, torí ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láìwo iṣẹ́ yín ti jí ọdún méjì yín kó. Tó bá sì jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lẹ fi wà níbẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìta tí wọ́n ń sanwó fún, kódà tó bá wà nínú ẹ̀kọ́ yín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé-ìwé? Òfin ló ṣí ilẹ̀kùn. Láti 1975 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé ọmọ tó ní àìlera gbọ́dọ̀ rí ẹ̀kọ́ gbà nílé-ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Àtúnṣe òfin náà ní 1997 wá fi kún un pé tí wọ́n bá fẹ́ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde ju ọjọ́ 10 lọ nítorí ìwà rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lórí ohun tí ìwà náà dúró lé. Ẹnì kan ní láti ṣe ìwádìí yẹn. Ṣùgbọ́n àlejò lẹ máa jẹ́ nínú kíláàsì onílé. Ètò tó rẹwà lórí bébà, tí tíṣà tó ní ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò lè ṣe, bébà lásán ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni eré kan tí Barrish, Saunders àti Wolf gbé jáde ní 1969: wọ́n pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n ń sàmì sójú pátákó fún ẹgbẹ́ tó bá rú òfin, ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ kéré ló jẹ. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó nìkan ló gbà.

Apá kan wà tí mi ò lè fò. Ivar Lovaas ní UCLA tẹ ìwádìí kan jáde ní 1987: ọmọ 19 tó ní autism, ẹ̀kọ́ tó tó wákàtí ogójì lọ́sẹ̀, ó sì ní mẹ́sàn-án nínú wọn ń bá ẹgbẹ́ wọn kẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì. Ìwádìí yẹn ló sọ iṣẹ́ yìí di ńlá. Ọkùnrin yìí kan náà ti lo ìgbátí àti iná mànàmáná lára ọmọ ṣáájú ìgbà yẹn. Títí dòní, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní autism ń sọ pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ni bí àwọn ṣe máa fi ara àwọn pa mọ́: wo ojú mi, má jù ọwọ́, jókòó jẹ́ẹ́. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi gan-an ti kọ "yóò wo ojú tíṣà" sínú ètò ọmọ kan rí. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ta ni ìyẹn wúlò fún?" Mi ò rí ìdáhùn. Ẹ tiẹ̀ wò ó, ilé wa níbẹ̀, tí ọmọdé bá ranjú mọ́ àgbà, kí ni wọ́n ń pè é? Mo pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ yín ló dùn mí jù. Láti January 1, 2023, BACB kò gba ìwé ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀kùn tó tì ló mọ bó ṣe rí. IBAO àti QABA ṣì ń fún àwọn tó wà lórílẹ̀-èdè míì níwèé-ẹ̀rí, àmọ́ ẹ wádìí dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ibi tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n kò pọ̀ tó ti BACB. Ọ̀nà tó sún mọ́ni jù ni special education, bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Federal College of Education (Special) tó wà nílùú Ọ̀yọ́, kí ìwé-ẹ̀rí TRCN sì tẹ̀ lé e. Òfin tó ní kí wọ́n má ṣe yà ẹni tó ní àìlera sọ́tọ̀ ti wà láti January 2019, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé. Èèyàn tó máa ṣe é ni kò tó. Èmi fúnra mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa padà wálé lẹ́yìn wákàtí 2,000 yìí. Mo ń lé ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tí mo bá fẹ́ kọ́ nílé kò ní lè gbà. Mo ti rò ó títí, kò tíì bára mu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá màmá mi pè mí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó máa ń kígbe tí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti ní kí wọ́n gbàdúrà fún un. Màmá mi ní, "Ìwọ tó o ń ka pẹ́ńsù, kí la máa ṣe?" Mo ní kí wọ́n fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé. Ní alẹ́ Sunday wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ìkọ̀wé àwọn tíṣà àtijọ́, gbọọrọ-gbọọrọ: "Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ó kígbe, ó di etí. Wọ́n gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, ó dákẹ́." Mo fèsì pé ó lè jẹ́ ariwo ló ń sá fún, ó sì lè jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń wá. Kí wọ́n jẹ́ kí ìyá jókòó tì í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí ìlù bá ń lọ, ká wo èyí tó jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti rò ó bẹ́ẹ̀, ṣé kí àwọn náà kọ aago sí i?